Lẹ́tà Tí Mo Gbé Lọ sí Ìfọ̀

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Bí mo bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì, kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bí ó ṣe wà nínú mi nìyẹn. Àbúrò ìyá rẹ, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó ti di ọ̀gá ní Èkó báyìí, wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún un. Gbogbo ayé ń bá mi yọ̀. Èmi náà ń yọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ mi kì í dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o kọ, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn mi pé ìkanra arúgbó lásán ni.

Oko ìrẹsì ni mo fi tọ́ òun àti ìyá rẹ. Ilẹ̀ bàbá mi wà lẹ́yìn Mowe, lápá ibi tí a ń gbà lọ sí Ọ̀fàdà, ilẹ̀ tó máa ń di omi mú. Bàbá wọn ti fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Akọ̀wé ni ní káńsù ní Ìfọ̀, ó ní akọ̀wé kò lè máa ti inú ẹrẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì. Ó gba ilé sí Ìfọ̀, ó sì fẹ́ olùkọ́ kan síbẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo ní ilẹ̀, mo ní ọmọ méjì.

Ẹni tí kò bá gbin ìrẹsì rí kò mọ ohun tí ẹyẹ jẹ́. Ìrẹsì kò ní wàhálà títí di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lómi funfun nínú bí wàrà. Láti ọjọ́ náà títí tí yóò fi le, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ènìyàn gbọ́dọ̀ wà lóko kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kò sì gbọdọ̀ kúrò títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ẹ̀gà kì í wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń wá bí ìgbà tí ènìyàn bá da yẹ̀pẹ̀ sójú ọ̀run. Wọ́n á balẹ̀ sórí ìrẹsì, wọ́n á fún omi inú rẹ̀ mu, wọ́n á sì fi èèpo sílẹ̀ fún ọ. Láti òkèèrè, oko náà á ṣì dà bí oko. Ìgbà tí o bá fọwọ́ kàn án ni o máa mọ̀ pé òfìfo ni.

A máa ń kan pẹpẹ igi sí àárín oko. Ẹni tó bá wà lórí rẹ̀ á máa fi kànnàkànnà sọ òkò, á máa lu agolo, á máa kígbe títí ohùn rẹ̀ á fi há. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Bí o bá lé wọn níhìn-ín, ọ̀hún ni wọ́n máa bà sí. Ẹni méjì ló kéré jù, ọmọ mi ni ẹnì kejì mi. Láti kékeré ló ti ń bá mi ṣe é. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ ní Mowe nígbà náà, bí ìgbà ẹyẹ bá ti tó, olùkọ́ fúnra rẹ̀ á tú àwọn ọmọ àgbẹ̀ sílẹ̀. Òun náà ní oko tirẹ̀.

Nígbà tí ọmọ mi wọ yunifásítì ní Ìbàdàn, mo rò pé bákan náà ni. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo rò pé àwọn olùkọ́ ibẹ̀ náà mọ ohun tí ẹyẹ jẹ́.

Ní ọdún kìíní, mo ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn, àgbàlagbà kan tó máa ń jẹun ní etí títì lọ́dọ̀ wa. Mo ní, "Sọ fún un pé ìrẹsì ti ń lómi." Ó wá. Ní ọdún kejì, ó wá, ṣùgbọ́n ó gbé ìwé gun orí pẹpẹ. Ó ń kàwé, ẹyẹ ń jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Mo bú u. Mo ní, "Ṣé ìwé yẹn ni a ó bọ̀ jẹ lọ́dún yìí?" Ó pa ìwé náà dé, ó fi dí ìdí agolo kí ó lè dún dáadáa.

Ní ọdún kẹta, mo ránṣẹ́, kò wá. Awakọ̀ náà padà wá jíṣẹ́ fún mi: "Ìyá, ó kí yín o. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ẹ wá ẹlòmíràn lọ́dún yìí."

Ẹlòmíràn wo? Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n rẹ, kò tíì jáde ọmọ. Àwọn méjì tí mo háyà jẹ ẹ̀bà mi tán, wọ́n sùn sábẹ́ igi. Ẹyẹ ti sọ apá kan oko di òfìfo. Mo dúró sí etí títì níbẹ̀, inú ń bí mi, mo sì sọ fún awakọ̀ náà pé, "Nígbà tí o bá tún kọjá lọ, sọ fún un pé ara ìyá rẹ̀ kò yá. Kó máa bọ̀ nílé kíákíá."

Awakọ̀ náà wò mí. Ó ní, "Ìyá, ṣé bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn?"

Mo ní, "Bí o ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn."

Kọ èyí dáadáa kí ó yé ẹni tó bá kà á. Lọ́dọ̀ wa, a kì í túfọ̀ òbí fún ọmọ tó wà lájò. Bí ìyá ènìyàn bá kú, ẹni tí a rán sí i kò ní sọ pé ó kú. Á ní ara wọn ni kò yá díẹ̀, kí ó máa bọ̀ nílé. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ á ti mọ̀. Kò ní bèèrè ohun tó ń ṣe wọ́n, á kàn di ẹrù rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi bi mí léèrè nìyẹn. Mo ní kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán, mo wà lórí pẹpẹ, mo ń pariwo mọ́ ẹ̀gà, ni mo rí ọmọ mi ní etí oko. Àpò rẹ̀ wà léjìká. Ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Ó dúró gbagidi, ó ń wò mí. Mo ju kànnàkànnà sí i láti òkè. Mo ní, "Apá ọ̀hún ni wọ́n pọ̀ sí."

Ó gbé àpò kalẹ̀, ó ṣa òkò, ó lọ sí apá ọ̀hún. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi lé ẹyẹ. Kò bú mi, kò bi mí ní ohunkóhun. Ìrẹsì ọdún yẹn dára. Mo ní ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Nígbà tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo rí ìwé ẹ̀rí, mo jó. Èmi ò mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí ju ìwé ẹ̀rí lọ. Ẹ̀yìn ọdún tó fi ṣe àgùnbánirọ̀ ló tó sọ fún mi, nígbà tó ti rìn ní Èkó títí tí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ fi lu. Àkókò Sáápù ni, nígbà tí ìjọba mú kí gbogbo nǹkan le koko, àwọn tí máàkì wọn dára pàápàá ń jókòó sílé. Ó ní, "Ìyá, wọ́n máa ń pín wa sí ọ̀wọ́ ni. Èmi wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n kàn ṣàánú kí wọ́n má baà lọ lọ́wọ́ òfo."

Mo ní, "Kí ló fà á?"

Ó wò mí, ó ní, "Ó ti kọjá, Ìyá."

Ó rí iṣẹ́ ní Ibafo níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ iye pákó tó wọlé àti iye tó jáde. Àwọn tó ń la igi níbẹ̀ sọ ọ́ ní Dìgírì Pákó. Bó bá ń kọjá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó nírun: "Dìgírì Pákó, ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ ti kọ ti àná sílẹ̀?" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín ọmọ mi. Ẹ̀rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín.

Ọ̀gá tó ni ibi pákó náà, ará apá Ọ̀ṣun kan tó ti ń gbé Ibafo kí ibẹ̀ tó lójú, ló gbà á nímọ̀ràn. Ó ní orí tó wà lọ́rùn ọmọ yìí ju orí à ń ka pákó lọ. Ó ní ilé-ìwé ńlá kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ti jáde yunifásítì ní òwò ṣíṣe àti bí a ṣe ń darí iléeṣẹ́. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ jáde, kò sẹ́ni tó tún ń wo ohun tó gbà tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi lọ gba fọ́ọ̀mù. Ó padà dé pẹ̀lú ojú kíkorò. Wọn kì í gba ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré bíi tirẹ̀, àyàfi ẹni tó bá ti ń ṣiṣẹ́, tí ọ̀gá rẹ̀ sì kọ̀wé fún un. Èyí tí wọ́n fẹ́ jù ni pé kí ó kọ lẹ́tà, kí ó sọ ìdí tí èsì ìdánwò rẹ̀ fi burú, kí òbí rẹ̀ sì fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni.

Ọ̀gá rẹ̀ kọ tirẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́tà ọ̀hún ló kù. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́ lórí tábìlì tí mo fi ń to àwo. Á kọ, á ya, á tún kọ.

Mo ní, "Kí lò ń kọ tó pẹ́ báyìí?"

"Ìdí tí mo fi fìdí rẹmi."

Mo ń fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́, mi ò gbójú sókè. Mo ní, "Ṣé o ti sọ ti ẹyẹ?"

Ó ní, "Mo ń sọ ọ́, Ìyá."

Ìyẹn ni mo dì mú. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tó ti ní ó ti kọjá. Mo ti kà á pọ̀ fúnra mi: ọdún mẹ́ta, ẹyẹ mẹ́ta, ìdánwò mẹ́ta. Mo mọ̀ pé èmi ni. Mo wá sọ ọ́ lọ́kàn mi pé bó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá òun kò mọ̀wé, pé ìyá òun ló ń pe òun kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́ wá lé ẹyẹ, kí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn bú mi. Kí wọ́n pè mí ní ará oko. Kí ó ṣáà wọlé.

Èmi ò mọ̀wé, bàbá rẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i, àárín àwọn méjèèjì kò sì dán mọ́rán. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi gbé e dé Ìfọ̀. Bí èmi bá lọ, ìwàásù ni wọ́n máa fi ṣe. Ọ̀la ni mo gbọ́dọ̀ dá a padà." Mo wé gèlè, mo bu ìrẹsì sínú apẹ̀rẹ̀ kí n má lọ lọ́wọ́ òfo, mo ki lẹ́tà náà sí àyà. Mọ́tò mẹ́ta ni mo wọ̀ kí n tó dé Ìfọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, mo fọwọ́ lé e. Bí ẹni tó gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ jẹ́wọ́ ni mo ṣe rí, ó sì ń fúyẹ́ lára mi bí mo ṣe ń lọ.

Bàbá wọn wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ara rẹ̀ kò yá, kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi wá. Obìnrin náà kò hùwà àìdáa sí mi rí, èmi ni kì í fẹ́ rí i. Bàbá wọn fi jígí sójú, ó ka lẹ́tà náà. Nígbà tó dé àárín, ó dúró, ó gbójú sókè wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tún padà sínú ìwé.

Ó ní, "Ìyáálé, ṣé o mọ ohun tó wà nínú ìwé yìí?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ mi ni."

"Ọ̀rọ̀ rẹ ni lóòótọ́. Inú ò sì bí ọ?"

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ọwọ́ mi ni mo fi fà á. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i kí ọmọ wọlé."

Ó rẹ́rìn-ín jáde nímú. Ó ní, "Ọkàn rẹ le o. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò lè gbà á." Ó na ìwé náà sí ìyàwó rẹ̀, ó ní kí òun náà fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Obìnrin náà kà á níbi tó dúró sí. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sí ẹnu.

Ó ní, "Bàbá, èmi ò ní fọwọ́ sí èyí."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ta ló ní kó o wàásù? Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ti ní kò bí òun nínú." Ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ níwájú mi, ó fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì kó gbẹ, ó sì dá a padà fún mi. Ó mọ̀ pé mi ò lè kàwé. Ọdún mẹ́sàn-án la fi gbé pọ̀, ó mọ̀ dáadáa.

Ìyàwó rẹ̀ ní òun máa sìn mí dé ibùdókọ̀. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ mi lọ́wọ́ títí a fi dé ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ibẹ̀ ló ti dúró.

"Ìyáálé mi, ẹ má bínú. Kí ni wọ́n sọ fún yín pé ó wà nínú lẹ́tà yẹn?"

"Ti ẹyẹ. Pé mo máa ń pè é wá sí oko."

"Kò sí ẹyẹ kankan níbẹ̀."

Mo ní, "Kà á fún mi."

Kò fẹ́ kà á. Mo fà á yọ láyà, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi, àwọn oníṣu ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọmọ mi kọ ọ́ pé òun wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ ìyá òun fún òun. Ó ní ìyá òun ṣe àgbẹ̀ títí ó fi kú, pé ìyá òun ló ń rán òun níwèé. Ó ní òun fi ìdánwò sílẹ̀, òun lọ sílé lọ sin ín, gbogbo ìdánwò tí òun pàdánù lọ́dún náà ló fa òun dé ìsàlẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa. Bí ìyàwó náà ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe èmi ni òkú náà, èmi náà ì bá sunkún.

Mo bi í, "Ṣé ó sọ ohun tó pa mí?"

"Kò sọ, Ìyáálé mi. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ya á."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo ki i padà sí àyà.

Nígbà tí mọ́tò tó kẹ́yìn dé Mowe, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú dé Ibafo, níbi pákó. Bí mo ṣe yọ, ọ̀kan nínú àwọn tó ń la igi pariwo borí ẹ̀rọ: "Dìgírì Pákó, màmá yín dé o." Ọmọ mi sáré jáde, ó ti ń na ọwọ́.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ṣé wọ́n fọwọ́ sí i?"

"Wọ́n fọwọ́ sí i."

"Ẹ ṣé. Ẹ mú un wá."

Mo ní, "Ọjọ́ wo ni mo kú?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró bó ṣe wà. Ó fà mí lọ sẹ́yìn òkìtì ìyẹ̀fun pákó. Ó ní, "Ta ló kà á fún yín?"

"Ẹni tó kọ̀ láti fọwọ́ sí i."

"Ìyá, ìwé lásán ni."

"Ìwé lásán náà ni o ti ń wá láti ìgbà tí o ti kúrò lẹ́nu ọmú. Lọ kọ òmíràn. Kọ ti ẹyẹ. Mo lọ sí Ìfọ̀ lónìí pẹ̀lú ọkàn pé ìtìjú mi ni mo gbé dání, mo sì ti gbà á."

"Ẹyẹ." Ó rín ẹ̀rín tó fi ń dá àwọn onígi lóhùn. "Àwọn tó máa kà á, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń rí ìrẹsì. Kí n wá sọ fún wọn pé ẹyẹ ló jẹ máàkì mi? Wọ́n á kà á fún ara wọn nídìí oúnjẹ, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín."

"Kọ ọ́ pé mo ṣàìsàn nígbà náà. Lílọ ni mo tún máa lọ, kí bàbá rẹ tún fọwọ́ sí i. Mo gbà kí n ṣàìsàn."

Ìgbà náà ló tó wò mí lójú.

Ó ní, "Ẹ gbà kí ẹ ṣàìsàn. Ẹ ti ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan rí, Ìyá."

Mo fọwọ́ di àyà níbi tí lẹ́tà wà.

Ó ní, "Mo ti kọ nọ́ńbà mi sórí ìwé ìdánwò. Olùkọ́ kan wá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ẹnìkan ń dúró níta. Mo rí awakọ̀ yẹn, ó ti ṣí fìlà. Ó ní ara Ìyá kò yá, kí n máa bọ̀ nílé. Ẹ mọ ohun tí mo gbọ́. Mo sin yín láti ibẹ̀ títí dé Mowe. Mo ro aṣọ tí a máa fi wé yín. Mo ro ẹni tí màá lọ bá fún pósí. Obìnrin kan nínú mọ́tò fi etí ìró rẹ̀ nu ojú fún mi. Mo dé ilé, mo bá ilẹ̀kùn ní títì, mo ní wọ́n ti gbé yín lọ sin. Oko ni mo wá láti wá sàréè yín. Ẹ ju kànnàkànnà sí mi."

Ẹ̀rọ pákó ń ké. Ó dúró kí ẹ̀rọ náà dákẹ́.

"Irọ́ kan kò sí nínú ohun tí mo kọ, àfi pé mi ò kọ ọ́ pé mo bá yín láàyè. Ta ló kọ́kọ́ pa yín, Ìyá?"

Mo fẹ́ sọ pé ebi ni, pé ìrẹsì yẹn ló fi lọ sí ọdún kẹrin. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èsì. Ọjọ́ tí mo ní kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo mọ bó ṣe máa gbọ́ ọ. Mo fi ikú mi pe ọmọ, ó jẹ́ ìpè. Nísinsìnyí ọmọ fẹ́ fi ikú kan náà wọlé, kí ni mo fẹ́ fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Mo kó ọwọ́ sí àyà, mo mú lẹ́tà náà jáde. Òógùn ti rin etí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé òkú ara mi fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìyẹ̀fun pákó. Mi ò ní kó dìde. Mo rìn lọ sí etí títì, mo wọ mọ́tò.

Wọ́n gbà á. Ìyá rẹ ló sọ fún mi bó ṣe lọ, kì í ṣe òun. Wọ́n pè é fún ìntáfíù, àwọn àgbà mẹ́rin jókòó níwájú rẹ̀. Wọ́n ní kó sọ ti ọjọ́ náà. Nígbà tó dé ibi ilẹ̀kùn títì, ó sunkún, obìnrin kan nínú wọn sì fún un ní áńkáṣíìfù. Ẹkún gidi ni, mo gbà. Ẹkún mi ni. Ọjọ́ tó yẹ kó sun ún sí mi lára lóko, òkò ni mo ní kó ṣa.

Ní ilé-ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Mo fi apá kan oko sílẹ̀ fún ẹyẹ, mo lé èyí tí apá mi ká. Àwọn tó máàkì ìdánwò rẹ̀ ní òun ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo wọn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo jókòó sílẹ̀. Àṣé orí rẹ̀ dára tó báyẹn.

Nígbà tí ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ ku bí ọjọ́ mẹ́ta, ó wá sí Mowe. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fọwọ́ pa orúnkún.

"Ìyá, àwọn olùkọ́ mi máa wà níbẹ̀. Obìnrin tó fún mi ní áńkáṣíìfù náà máa wà níbẹ̀."

Mo ní, "Mo mọ̀. Òkú kì í lọ síbi àpèjẹ."

"Ẹ lè wá. A lè ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni yín."

"Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó dá ọ lójú pé òun ò tíì kú?"

Mo bu ìrẹsì fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó lọ. Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde náà mo wà lóko.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyàwó Ìfọ̀ wá kí mi, ó gbé fọ́tò dání. Fọ́tò náà ló wà lára ògiri yìí, tí o máa ń bi mí léèrè ìdí tí bàbá àgbà rẹ fi jìnnà sí ọmọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ mi wà láàárín, ó wọ ẹ̀wù gígùn dúdú. Bàbá rẹ̀ àti ìyàwó Ìfọ̀ wà lápá òsì. Láàárín wọn àti ọmọ mi, àyè ẹnì kan ṣófo. Ìyàwó náà ní ayàwòrán ń sọ fún òun pé, "Màmá, ẹ súnmọ́ ọmọ yín." Òun dá a lóhùn pé ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Wọ́n bá ya á bẹ́ẹ̀.

Ó ti pẹ́. Ọmọ mi ló kọ́ ilé tí a wà nínú rẹ̀ yìí fún mi, ó sì máa ń wá ní ọjọ́ Sátidé. Bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á pè mí: "Ìyá." Mo máa ń jẹ́ kó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dáhùn, òkú kì í yára jẹ́ ìpè. Ó ti sọ fún ìyá rẹ pé etí mi ń di, pé òun fẹ́ gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Etí mi ò di. Ibi tí mo jókòó sí yìí, mo ń gbọ́ ẹ̀gà.